Yíyún Tí Kì í Ṣe Ìnfẹ́kṣọ̀n: Ọ̀rọ̀ Ìyá Aláàdìrẹ Kan l'Ábẹ́òkúta

Aláìsàn náà jẹ́ ẹni ọdún 57. Àdìrẹ ló ń ṣe, ó sì ní ìsọ̀ ní Ìtòkú. Ọmọ márùn-ún ló bí, kò sí èyí tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbà nínú wọn. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti bí ọdún mẹ́fà. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì ní àìsàn mìíràn tó mọ̀. Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ kí obìnrin tí irú àìsàn awọ ojú ara yìí, tí wọ́n ń pè ní lichen sclerosus, bá ń ṣe lè rí i kà. Gbogbo ohun tí wọ́n fi lè dá a mọ̀ ni mo ti yọ kúrò.

Kì í ṣe nítorí yíyún ló ṣe wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wá wọ̀n lọ́dọ̀ wa ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé. Mo ti kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ tán, ó ti dìde, kó tó tún padà jókòó.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn."

Mo tì í.

"Abẹ́ mi ló ń yún mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin. Ọ̀sán ṣì ṣeé fara dà, torí iṣẹ́ máa ń gbé ọkàn mi kúrò níbẹ̀. Tó bá dòru, háà! Màá họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Nígbà mìíràn màá dìde lọ gbé omi kaná, màá dà á sí i bó ṣe gbóná kó lè jó o pa. Á dákẹ́ díẹ̀. Kí n tó sùn, ó ti tún bẹ̀rẹ̀."

Mo bi í bóyá nǹkan ń dà lójú ara rẹ̀, bóyá ó ń rùn. Rárá. Ṣé ó ń dùn ún tó bá tọ̀? Ó ní ó máa ń ta á, bí ìgbà tí ìtọ̀ bá kan ojú egbò. Ṣé òun àti bàbá ṣì ń sùn pọ̀? Ó wo ilẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti fi í sílẹ̀, torí pé tí wọ́n bá dán an wò, bí ẹni pé awọ ibẹ̀ ń ya ni.

Ohun tó ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi pọ̀. Kẹ́míìsì ló kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní tọ́ìlẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n ni, wọ́n fún un ní oògùn kíki sí ojú ara. Kò gbọ́. Wọ́n fún un ní fluconazole, ẹyọ kan tí wọ́n ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan, ó lò ó, ó tún lò ó ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì tún lò ó lẹ́yìn náà. Kò gbọ́. Ẹnì kan ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n fi òwú gba omi ojú ara rẹ̀, èsì jáde pé "staph" ni, ni wọ́n bá gún un ní abẹ́rẹ́ gentamicin fún ọjọ́ márùn-ún. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní staph yìí ń gbé lára awọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí nǹkan kan kò ṣe. Kí wọ́n rí i nínú àyẹ̀wò kò sọ pé òun ló ń yún èèyàn. Gentamicin ní tirẹ̀ lè ba etí àti kíndìnrín jẹ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tó yẹ kí wọ́n máa gún èèyàn láìnídìí, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tilé. Ó ń fi omi iyọ̀ jókòó. Ó ń fi álọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́. Ó da oògùn apakòkòrò tí a fi ń nu ilẹ̀ sínú omi, ó fi ń ṣan abẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ra ọṣẹ olóòórùn dídùn kan tí wọ́n ń kiri pé ó ń fọ abẹ́ obìnrin mọ́. Ó mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Aládùúgbò rẹ̀ kan ní èéfín inú ìkòkò aró ló ń wọ̀ ọ́ lábẹ́, pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tó fi tọ́ ọmọ márùn-ún!

Èyí tó dùn ún jù ni ti bàbá. Níbi tí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá gba tiẹ̀. Bàbá náà lọ, ó gba abẹ́rẹ́, ó sanwó. Nígbà tí wọ́n délé, ó bi í pé, "Níbo lo ti kó o wá?" Láti ọjọ́ náà, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sùn.

Mo bi ìyá náà ní ìbéèrè kan: nínú gbogbo àwọn tó fún un ní oògùn, ta ló wo ibẹ̀? Ó ronú. Ó ní ẹni tó gba omi ara rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò ti òwú náà bọ̀ ọ́ wéré, kò tan iná sí i, kò sì wò ó. Àwọn yòókù, ẹnu ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́rin, owó tó tó owó aṣọ ọjà, ìgbéyàwó tó fẹ́ bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò wo awọ tó ń yún un! Ọ̀rọ̀ yìí bà mí nínú jẹ́ nígbà náà, ó ṣì ń bà mí nínú jẹ́. Tí ìka bá ń yún èèyàn, ìka la ó kọ́kọ́ wò. Ìtìjú wa àti ìkánjú àwa òṣìṣẹ́ ìlera ni kò jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú ara obìnrin.

Mo pe nọ́ọ̀sì obìnrin mìíràn kó wá dúró tì wá, mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ìyá náà, ó gbà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì.

Kò pẹ́ rárá kí a tó rí i. Awọ ojú ara rẹ̀ ti funfun. Kì í ṣe pé ó pọ́n tàbí ó wú bó ṣe máa ń rí tó bá jẹ́ kándídà, ìyẹn kòkòrò kan tó máa ń fa ìnfẹ́kṣọ̀n ojú ara. Funfun náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè níbi ìdọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá ní àárín ojú ara àti ihò ìdí, ó sì tún yí ihò ìdí ká, tó fi jẹ́ pé tí èèyàn bá fi ìka tọ ipa rẹ̀, nọ́ńbà 8 ni yóò kọ. Awọ náà fẹ́lẹ́, ó hun jọ wínníwínní bí ìwé tí wọ́n rún mọ́ ọwọ́ tí wọ́n tún tẹ́. Ó sán níbi méjì. Ẹ̀jẹ̀ ti sun sábẹ́ awọ níbi tó ti họ ọ́. Ètè kékeré tó wà nínú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ètè ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́, awọ sì ti bo ìdọ́ mọ́lẹ̀. Lápá òsì, ibì kan nípọn ju àyíká rẹ̀ lọ. Kò sí kókó, kò sí egbò tó jinlẹ̀.

Mo ní láti bi í bóyá wọ́n dá abẹ́ fún un ní kékeré. Lára àwọn obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀ nílẹ̀ wa, ó wọ́pọ̀, ẹni tó bá sì rí ojú ara tí ètè inú kò sí níbẹ̀ lè rò pé ọgbẹ́ ìdábẹ́ ni, kó má sì bìkítà mọ́. Ó ní rárá, wọn kò dá a fún òun. A jẹ́ pé àìsàn yìí fúnra rẹ̀ ló pa ibẹ̀ dà.

Inú ojú ara rẹ̀ lọ́hùn-ún dára, kò sí omi tó ń rùn. Èyí ṣe pàtàkì, torí àìsàn tí mo ń fura sí kì í wọ inú, ara awọ ìta ló ń mọ sí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo oògùn tó ń kì sínú fi jẹ́ òfo.

A kò torí ìyẹn gbójú fo àwọn nǹkan mìíràn. Kándídà ló máa ń yún obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù jù, ó sì máa ń mú omi funfun tó ki jáde. Ṣùgbọ́n kándídà fẹ́ràn ara tí èròjà obìnrin tí wọ́n ń pè ní estrogen ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, kò wọ́pọ̀ mọ́, àfi tí nǹkan bí àtọ̀gbẹ bá wà níbẹ̀. Nítorí náà a yẹ ṣúgà rẹ̀ wò ní àárọ̀ tí kò tíì jẹun: 94 mg/dL. Tó bá jẹ́ 126 sókè ni à bá máa sọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ. Èkúrú kọ́, torí kò yún un láàárín ìka, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń yún nínú ilé. Àrùn awọ funfun tí wọ́n ń pè ní vitiligo máa ń sọ awọ di funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ náà kì í fẹ́lẹ́, kì í sán, kì í sì í sábà yún èèyàn. Mo yẹ ọrùn rẹ̀ wò bóyá gẹ̀gẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí àwọn tó ní àìsàn yìí a máa ní wàhálà ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid nígbà mìíràn. Kò sí.

Ti aró ńkọ́? Mo bi í léèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Kọ́sítíìkì ló fi ń pò aró òyìnbó, ó ń wọ gílọ́ọ̀fù tó bá ń ri aṣọ, ṣùgbọ́n ó máa ń bọ́ ọ tó bá fẹ́ fún aṣọ náà. Ìró tó wọ̀ sì máa ń tutù láti ìbàdí wálẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Èéfín aró kò fa irú awọ yìí. Tó bá jẹ́ kọ́sítíìkì ni, ọwọ́ rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ bàjẹ́. Síbẹ̀, ìró tútù àti ọwọ́ oníkọ́sítíìkì tó fi ń fọ abẹ́ lẹ́yìn tó bá tọ̀ ń dá kún un. Ohun kan wà tí èmi pàápàá kì bá tí ronú kàn ká ní kò ṣàlàyé: ẹni tó ń ṣe aró gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ dáadáa kí ó tó lọ sílé ìtọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ nìkan.

Lichen sclerosus ni orúkọ àìsàn náà, a kò tíì ní orúkọ Yorùbá kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún un. Ó dà bíi pé àwọn ohun tó ń gbèjà ara ló ń kọjú ìjà sí awọ ibẹ̀. Ó wọ́pọ̀ jù lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ó tún máa ń mú ọmọbìnrin kéékèèké tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Ọkùnrin náà lè ní i. Kì í ràn. A kì í kó o níbi ìbálòpọ̀, a kì í kó o ní ṣáláńgá. Kì í ṣe àìmọ́tótó, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni.

A kọ ìwé sí dókítà àìsàn obìnrin ní ilé ìwòsàn ńlá kan nílùú. Òun náà wò ó, ó ní ohun tí a rí ló rí. Kò gé awọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà nítorí ó hàn gbangba, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó nípọn lápá òsì yẹn, tí kò bá rọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun yóò gé díẹ̀ níbẹ̀.

Oògùn tó kọ ni clobetasol propionate 0.05%, èyí tó jẹ́ olóràá, kì í ṣe kíríìmù, torí olóràá kì í sábà ta èèyàn níbi tó bá sán. Ibí yìí ni wàhálà tún ti dé. Ìyá náà mú oògùn dé ìsọ̀, aládùúgbò rẹ̀ rí i, ó pariwo: "Ìyá, ìpara tí wọ́n fi ń bóra nìyí! Ṣé abẹ́ lẹ fẹ́ fi bó?" Ó sì ka ìwé pélébé inú páálí fún un, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n má fi sí ojú ara. Ìyá náà gbé oògùn padà wá bá mi, kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀ rárá.

N kò bá aládùúgbò náà jà, torí òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Àwọn èèyàn ń ra clobetasol lọ́jà fi ń bóra, wọ́n ń fi pa gbogbo ara lóṣù dé oṣù, ó sì ń ba awọ wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n fún àìsàn yìí, òun ni oògùn tí àwọn dókítà káàkiri àgbáyé kọ́kọ́ ń lò. Ìwọ̀n tí a ń fi sí i àti ibi tí a ń fi sí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Mo ní kó na ìka ìfábẹ̀là rẹ̀. Mo tẹ oògùn náà sórí oríkèé ìka àkọ́kọ́, mo fi í mọ ní ìdajì rẹ̀. "Èyí ni ti alẹ́ kan, Màmá. Kò gbọdọ̀ jù báyìí lọ." Túùbù gíráàmù 30 kan yẹ kó tó o fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, mo gbé dígí kékeré fún un, mo tan iná, òun fúnra rẹ̀ sì fojú rí awọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé ibi tó funfun yìí nìkan ni?" Mo ní ibẹ̀ nìkan ni. Alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó wá máa fo alẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn.

Omi lásán ni kó máa fi fọ abẹ́. Ọṣẹ, álọ́ọ̀mù, iyọ̀, apakòkòrò àti omi gbígbóná, gbogbo rẹ̀ parí. Kó máa fi Vaseline pa á kó tó tọ̀ àti lẹ́yìn tó bá tọ̀, kí ìtọ̀ má bàa kan awọ tó sán. Ó béèrè òrí. Mo ní òrí dára tó bá jẹ́ ògidì, tí wọn kò da lọ́fínńdà mọ́ ọn. Pátá òwú ni kó wọ̀, kó sì mú ìró mìíràn lọ sí ìdí aró kó lè pààrọ̀ èyí tó bá tutù. Kó gé èékánná. Tí yíyún bá dé lóru, aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi tútù ni kó fi lé e.

Bàbá náà wá nígbà tí mo ránṣẹ́ sí i. Ó jókòó, ó fi fìlà sórí eékún.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé àrùn tó lè ràn mí kọ́ ni?"

"Rárá, Bàbá. Kò lè ràn yín. Kò sì kó o lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ẹ̀yin méjèèjì, kò sí ohun tó kàn án."

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú." Ọkọ rẹ̀ tí kì í ṣe "ẹ" fún un, ó ṣe "ẹ" fún un lọ́jọ́ náà.

Kó tó pé oṣù kan, ó ti ń sùn dé àárọ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ojú ibi tó sán ti dì, ẹ̀jẹ̀ tó sun sábẹ́ awọ ti lọ, awọ náà ti rọ̀. Funfun náà dín kù, kò tán. Ètè tó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kò padà, kò sì lè padà, bí ó ti wù kí oògùn dára tó. Ohun tí ìdádúró ọdún mẹ́rin gbà lọ nìyẹn. Ibi tó nípọn lápá òsì kò rọ̀ tó bó ṣe yẹ. Dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn ún, ó gé díẹ̀ níbẹ̀, èsì sì fi hàn pé lichen sclerosus ni, kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀.

Ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ kì í ṣe àsọdùn. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó ní àìsàn yìí, àwọn tí jẹjẹrẹ ojú ara ń mú kò tó márùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n wà, ewu náà sì kéré sí fún ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ìyá náà ti dán ìdákejì wò. Nígbà tí kò yún un mọ́, ó dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí yíyún náà fi padà. Lichen sclerosus kì í lọ pátápátá. A máa ń ká a lọ́wọ́ kò ni. Ó ti wá mọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni òun yóò máa lò ó lọ.

Ẹ̀yin ìyá tó ní ọmọbìnrin kékeré, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Tí ọmọ bá ń họ abẹ́, tí ibẹ̀ funfun, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ ń nira fún un, dókítà ni kó wò ó. Wọ́n ti ṣèèṣì fi ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kan ènìyàn lórí ohun tó jẹ́ àìsàn awọ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ fi orúkọ àìsàn bo ọ̀ràn gidi mọ́lẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kó ya méjèèjì sọ́tọ̀.

L'Ábẹ́òkúta níbí, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà, ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè, Sacred Heart sì wà ní Lántòrò. Ẹni tó bá dé ọ̀kan nínú wọn kò ní láti sọ ju èyí lọ: "Awọ ojú ara mi ló ń yún mi, mo sì fẹ́ kí ẹ wò ó." Tí wọ́n bá kọ oògùn láìwò ó, kó tún un sọ.

Ìyá aláàdìrẹ náà yóò máa lọ rí dókítà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Láàárín méjì, dígí rẹ̀ ló ń lò, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó sì mọ ohun tó ń wá: kókó, egbò tí kò jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí ibi tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn. Tó bá rí ọ̀kankan nínú wọn, kò ní dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún un.